Kíìtì itọ́ tó ní òun á sọ bóyá ẹ jogún àrùn erìgì: ìràwọ̀ méjì péré ni mo fún un

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n má fi àkókò yín ṣòfò. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, méjì ni mo fún kíìtì yìí. Ọ̀kan torí pé ó rọrùn láti lò, ìkejì torí pé òun ló jẹ́ kí èmi àtàwọn ará ilé mi jókòó sọ̀rọ̀ eyín tí a ò jọ sọ rí. Ìyókù, ariwo ni jàre. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ń tà á o, ẹ má bi mí, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kan gbogbo kíìtì tó bá ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, àwọn tó ní kẹ́ ẹ fi itọ́ ránṣẹ́ káwọn lè sọ bóyá erìgì yín máa dá yín lóró lọ́jọ́ iwájú.

Ohun tó jẹ́ kí n rà á ni pé nílé tiwa, erìgì ni wàhálà wa, kì í ṣe ihò inú eyín. Màmá mi ò ní ihò kankan lẹ́nu, eyín wọn mọ́, síbẹ̀ eyín ìsàlẹ̀ níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, àlàfo ń yọ láàárín wọn, wọ́n ń mì, títí tí wọ́n fi ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti wá dórí bọ̀dá mi báyìí, bọ̀dá mi tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń fọnu tó o nínú gbogbo wa, torí náà ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé "ẹ lọ máa fọnu yín dáadáa". Èmi náà, ẹ̀jẹ̀ máa ń bá búrọ́ọ̀ṣì jáde. Ìgbà tí mo wá rí ìpolówó pé èèyàn lè mọ̀ bóyá ó wà nínú ìdílé, kí n sọ òótọ́, ó wù mí, mo ní kí n mọ̀ kí ọkàn mi balẹ̀.

Kíìtì fúnra ẹ̀ dáa. Páálí kékeré ni, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí òwú wà lórí ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ìgò kékeré tí omi oògùn wà nínú ẹ̀, àti ìwé tí wọ́n ya àwòrán sí tó fi jẹ́ pé ẹni tí ò mọ̀wé gan-an á lè tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kéèyàn má jẹun, kó má mu nǹkan kan, kó má fọnu fún bí ààbọ̀ wákàtí, lẹ́yìn náà kó fi òwú yẹn nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ dáadáa, kó tì í bọnú ìgò, kó dé e pa, kó fi ránṣẹ́. Kò dunni, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀. Kọ́ọ̀dù kan wà lára ìgò tí ẹ máa tẹ̀ sínú ápù wọn lórí fóònù, ibẹ̀ sì ni èsì máa wá bá yín. Títí débí, mi ò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú wọn.

Kí èsì tó wá wọ́n ní kí n kọ̀wé kún fọ́ọ̀mù kan tó bi mí léèrè nípa ìdílé mi: ta ni eyín ẹ̀ ti bọ́, ọdún mélòó lẹni náà wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ta ló ń mu sìgá, ta ló ní àtọ̀gbẹ. Torí fọ́ọ̀mù yẹn ni mo ṣe pe màmá mi, mo pe bọ̀dá mi, mo pe àǹtí mi kan tó ti pẹ́ tá a ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ pé bàbá màmá mi náà ò ní eyín lẹ́nu kó tó di àgbàlagbà, pé gbogbo èèyàn kàn rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn ni. Apá yìí ló wúlò jù nínú gbogbo nǹkan tí mo sanwó fún, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ló yẹ kó jẹ́, torí dókítà eyín tó bá mọṣẹ́ ẹ̀ á bi yín ní gbogbo ìbéèrè wọ̀nyẹn láìgba itọ́ kankan lọ́wọ́ yín.

Ó wá ku èsì. Ápù ṣí, ó pọ́n bí iná, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé EWU RẸ GA. Àyà mi já. Mo wá fara balẹ̀ kà á, ni mo bá rí i pé ibi méjì péré ni wọ́n yẹ̀ wò nínú gbogbo DNA mi, ìyẹn ìsọfúnni àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara: ibi kan nínú jíìnì (apá kan lára DNA tó ń darí iṣẹ́ kan nínú ara) tí wọ́n ń pè ní IL1A àti ibi kan nínú IL1B. Ibi méjì o!

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tí jíìnì yẹn ń ṣe torí rìpọ́ọ̀tù wọn ò ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Tí kòkòrò àìfojúrí bá kó ara wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ erìgì, ara á gbọ́, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á sì sáré débẹ̀. Interleukin-1, tí wọ́n ń gé kúrú sí IL-1, tó sì jẹ́ pé jíìnì méjèèjì yẹn ló ń jẹ́ kí ara ṣe é, wà lára ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pe ara wọn síbi ìjà. Òun ló ń jẹ́ kí erìgì pọ́n kó sì wú, òun náà ló tún ń sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì kan pé kí wọ́n máa jẹ egungun tó di eyín mú. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yani lẹ́nu nìyẹn, kòkòrò nìkan kọ́ ló ń ba egungun yín jẹ́, ara yín gan-an ló ń jẹ ẹ́ níbi tó ti ń bá kòkòrò jà. Ẹ fi wé ọlọ́dẹ tó ń lé olè tó wá ń fi kùmọ̀ wó ògiri onílé. Èrò tó wà nídìí àyẹ̀wò yìí ni pé àwọn kan wà tí jíìnì wọn máa ń jẹ́ kí ọlọ́dẹ yẹn bínú ju bó ṣe yẹ lọ.

Kì í ṣe irọ́ ni èrò yẹn o. Lọ́dún 1997, Kornman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé lára àwọn tí kì í mu sìgá, àwọn tó ní irú jíìnì IL-1 kan báyìí ló pọ̀ jù lára àwọn tí àrùn erìgì wọn le gan-an. Látibẹ̀ ni òwò àyẹ̀wò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun tí mo sọ yẹn, "àwọn tí kì í mu sìgá". Lára àwọn tó ń mu sìgá, wọn ò rí ìyàtọ̀ tí jíìnì yẹn mú wá, sìgá ti bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti kọ́ wa bí agbára jíìnì yìí ṣe tó.

Ohun tó tún bí mi nínú ni pé irú IL-1 tí wọ́n ń wá yìí, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 àwọn tó ti Yúróòpù ṣẹ̀ wá ló ní in. Nígbà tí wọ́n lọ wò ó lára àwọn ará Ṣáínà, ìwádìí Armitage ọdún 2000, ìdá 2.3 nínú 100 péré ni wọ́n rí. Ṣé àrùn erìgì wá ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará Ṣáínà ni? Rárá o, ó pọ̀ níbẹ̀ bó ṣe pọ̀ níbi gbogbo. Torí náà ohun tó lè sọ nǹkan kékeré kan fún ìran kan lè má sọ nǹkan kan fún ìran míì. Ilé iṣẹ́ yìí ò bi mí níbì kankan pé ìran wo ni mo ti wá. Àwọ̀ pupa kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹni tó bá ní irú IL-1 yẹn ń gbà, ìran yòówù kó ti wá. Mo kọ ímeèlì sí wọn láti béèrè, ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n fi dá mi lóhùn, "a mọyì yín gan-an", ìdáhùn ò sí níbẹ̀.

Ó tún wà nínú rìpọ́ọ̀tù yẹn, wọ́n kọ ọ́ lẹ́tà ńlá, pé "ìdajì àrùn erìgì, àjogúnbá ni". Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Ìwádìí Michalowicz àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́dún 2000 ni. Ìbejì ni wọ́n lò, àwọn tó jáde láti ara ẹyin kan ṣoṣo àtàwọn tó wá láti ara ẹyin méjì, tọkùnrin tobìnrin, gbogbo ìbejì náà jẹ́ méjìméjì lọ́nà 117, wọ́n sì rí i pé àwọn ti ẹyin kan ṣoṣo fi erìgì jọra wọn ju àwọn tó kù lọ, wọ́n wá ṣírò ẹ̀ pé nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn síra wọn ni jíìnì lè ṣàlàyé. Ìyàtọ̀ láàárín èèyàn síra wọn o! Kò túmọ̀ sí pé ìdajì eyín tèmi jíìnì ló máa yọ ọ́, ìdajì tó kù èmi ni mo máa fọwọ́ ara mi yọ ọ́. Ìṣirò àwùjọ ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀, bí rìpọ́ọ̀tù yẹn ṣe kọ ọ́, ẹni tó bá kà á á gbé ọwọ́ sókè á ní ó ti tán, ẹ̀jẹ̀ ni.

Ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ní DNA kankan nínú. Harald Löe àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ oko tíì ní Sri Lanka, ọkùnrin 480, àwọn èèyàn tí kì í lo búrọ́ọ̀ṣì tí wọn ò sì rí dókítà eyín rí, wọ́n ń wo erìgì wọn láti ọdún 1970 títí di 1985. Ẹ rò ó wò, gbogbo wọn ni ìdọ̀tí wà lẹ́nu wọn, gbogbo wọn ni erìgì wọn wú. Nígbà tí wọ́n máa fi ka iye, ìdá 8 nínú 100 ni àrùn yẹn sáré bà jẹ́ gan-an, ìdá 81 ni tiwọn ń lọ díẹ̀díẹ̀, ìdá 11 ni tiwọn ò kúrò lórí erìgì tó wú, egungun wọn ò lọ síbì kankan. Ìgbésí ayé kan náà, iṣẹ́ kan náà, ẹnu tí wọn kì í fọ̀ kan náà. Ara ló yàtọ̀ sí ara. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé ọ̀rọ̀ bọ̀dá mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ, àti pé àwọn kan wà tí wọn kì í bìkítà nípa ẹnu wọn tí eyín wọn á bá wọn dé ibojì. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Àmọ́ kéèyàn gbà pé ara yàtọ̀ sí ara, ó yàtọ̀ sí kéèyàn gbà pé ibi méjì nínú DNA ló máa sọ èyí tí tèmi jẹ́.

Torí àwọn tó ń wá jíìnì àrùn yìí ò dúró sórí IL-1 mọ́, ọjọ́ ti pẹ́. Lọ́dún 2010 Schaefer àtàwọn tiẹ̀ ní Jámánì rí ibì kan nínú jíìnì GLT6D1 tó bá irú àrùn erìgì tó máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ jà tan. Wọ́n tún ti rí àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní ANRIL lórí kúrómósóòmù 9 (ọ̀kan lára àwọn ìdìpọ̀ DNA inú sẹ́ẹ̀lì), tó jẹ́ pé àrùn ọkàn àti àrùn erìgì jọ ń pín in. Lọ́dún 2017 SIGLEC5 àti DEFA1A3 náà wọlé, àwọn méjèèjì sì ní í ṣe pẹ̀lú bí sẹ́ẹ̀lì funfun ṣe ń bá kòkòrò jà. Gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ti èèyàn díẹ̀ ni, kò sí èyí tó lè dá gbé èèyàn ṣubú. Kíìtì tí mo rà ò wo ìkankan nínú wọn. Ìmọ̀ ọdún 1997 ni wọ́n fi ápù tuntun wé.

Kí n tó gbàgbé, èyí ṣe pàtàkì fún àwọn tó ní ọmọ kékeré. Àwọn àìsàn kan wà tó jẹ́ pé jíìnì kan ṣoṣo ló ń ba erìgì jẹ́, wọ́n ṣọ̀wọ́n gan-an àmọ́ wọ́n le. Èyí tí wọ́n ń pè ní Papillon-Lefèvre, dókítà méjì ní Faransé ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀ lọ́dún 1924, ọdún 1999 ni wọ́n tó rí jíìnì ẹ̀, CTSC. Bàbá àti ìyá á gbé e lára láìmọ̀, ọmọ tó bá gba ẹ̀dà méjèèjì ni àìsàn ń ṣe: àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ á nípọn, á gbẹ, á sán, eyín kékeré á bọ́ tán bí ọmọ bá fi máa pé ọdún márùn-ún, eyín àgbà náà á tún tẹ̀ lé e kó tó dàgbà tán. Òmíì wà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì funfun wà nínú ẹ̀jẹ̀ àmọ́ kò lè jáde látinú iṣan ẹ̀jẹ̀ dé ibi tí kòkòrò wà, jíìnì ITGB2 ni tìyẹn. Irú Ehlers-Danlos kan náà wà, ìyẹn àìsàn àjogúnbá tó ń sọ ohun tó so ẹran ara pọ̀ di aláìlágbára, tó ń mú erìgì, tí ojúgun ọmọ náà á tún máa léèpá bí ẹni tí wọ́n nà, ọdún 2016 ni wọ́n mọ̀ pé C1R àti C1S ló wà nídìí ẹ̀. Tí eyín ọmọ yín bá ń mì ní ọmọ ọdún mẹ́ta, tí kò ṣubú, tí wọn ò gbá a, ẹ má ra kíìtì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí. Kíìtì yìí ò yẹ ìkankan nínú wọn wò, ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín tí mo ní láti fẹ̀ lórí fóònù kí n tó rí i, ohun tó sì yẹ kó wà lójú páálí nìyẹn.

Mo gbé rìpọ́ọ̀tù náà lọ bá dókítà eyín. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, wọ́n kà á tán, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní "ẹ la ẹnu". Wọ́n wá fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ tí wọ́n fàlà sí lára, wọ́n ń tì í sáàárín eyín àti erìgì, ibi mẹ́fà lórí eyín kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pe nọ́ńbà, nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́. Méjì, mẹ́ta, méjì, mẹ́ta. Tó bá jẹ́ milímítà kan sí mẹ́ta, ó dáa. Tó bá ti di mẹ́rin sókè, àpò ti ń wà níbẹ̀, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé. Èmi ní márùn-ún lẹ́yìn níbi méjì. Wọ́n ya ẹ́ksíréè, wọ́n fi ibi tí egungun ti lọ sísàlẹ̀ hàn mí, kò tíì pọ̀. Láàárín ìgbà tí mo fi jókòó sórí àga yẹn, ohun tí mo mọ̀ nípa ẹnu mi ju gbogbo ohun tí ápù yẹn sọ lọ, torí èyí ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Mo wá bi wọ́n pé, dókítà, EWU GA yìí ńkọ́? Ohun tí wọ́n sọ ni pé nínú ètò tí àwọn oníṣègùn erìgì lágbàáyé ń lò báyìí, èyí tí wọ́n fẹnu kò lé lórí lọ́dún 2017 tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2018, ìpele mẹ́rin ni wọ́n fi ń sọ bí àrùn ti bà jẹ́ tó, lẹ́tà A, B, C ni wọ́n sì fi ń sọ bó ṣe ń yára sí. Nǹkan méjì ló lè ti èèyàn láti lẹ́tà kan bọ́ sí èkejì: sìgá àti àtọ̀gbẹ. Ẹni tó ń mu sìgá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, C ni. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí HbA1c ẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti bí oṣù mélòó kan, ti dé 7 nínú 100, C náà ni. Àyẹ̀wò IL-1 ò sí níbẹ̀. Ẹ gbọ́ o, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jókòó, wọ́n mọ̀ nípa jíìnì yìí dáadáa, wọn ò fi sínú ohun tó ń pinnu lẹ́tà.

Wọ́n tún sọ ohun kan tí mi ò mọ̀ rí nípa sìgá, pé ó máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ inú erìgì pọ̀, tó fi jẹ́ pé erìgì ẹni tó ń mu sìgá lè má ṣẹ̀jẹ̀ rárá nígbà tí egungun ń lọ lábẹ́. Torí náà ẹni tó bá ní "èmi o, tèmi kì í ṣẹ̀jẹ̀" tó sì ń fa sìgá, kó má tíì yọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tèmi yẹn tó ń dẹ́rù bà mí, ìkìlọ̀ ni, ó sì tún rọrùn láti dá dúró.

Kí n má ṣàìsọ ti ìwádìí tí ilé iṣẹ́ yìí ń fi yangàn nínú ìpolówó wọn. Ti ọdún 2013 ni, ní yunifásítì Michigan, èèyàn 5,117, wọ́n wo àkọsílẹ̀ ọdún 16 bóyá lílọ fọ eyín lọ́dọ̀ dókítà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún dáa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n ní ẹni tí ò ní ewu kankan, pé kò mu sìgá, kò ní àtọ̀gbẹ, kò ní irú IL-1 yẹn, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ta àyẹ̀wò kan wà lára àwọn tó fi owó tì í lẹ́yìn. Nígbà tó di ọdún 2015, Diehl àtàwọn méjì míì tún data yẹn gbé yẹ̀ wò, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín Amẹ́ríkà, wọ́n ní àyẹ̀wò IL-1 ò fún ẹnikẹ́ni ní ìdí láti dín lílọ sọ́dọ̀ dókítà kù. Ìpolówó ò mẹ́nu ba ti ọdún 2015 rárá. Ibi tí ewu gidi wà gan-an lójú tèmi nìyí: kì í ṣe lọ́dọ̀ èmi tí wọ́n fún ní àwọ̀ pupa, bí kò ṣe ẹni tí wọ́n fún ní àwọ̀ ewéko, tó wá lọ jókòó sílé, tó ní òun ò ní jíìnì ẹ̀, tí àpò ń jìn lábẹ́ erìgì ẹ̀. Bọ̀dá mi fẹ́ ṣe é náà kó lè "mọ̀ bóyá ó yẹ kóun dààmú". Bọ̀dá mi tí eyín ń mì lẹ́nu ẹ̀! Ẹ gbà mí.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ àṣírí. Nígbà tí mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ nínú ápù, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ti bá mi máàkì sílẹ̀, pé mo gbà kí wọ́n fún "àwọn alájọṣiṣẹ́" wọn ní DNA mi fún ìwádìí. Mo yọ ọ́. Ẹni tó bá ń kánjú ò ní rí i. Bẹ́ẹ̀ èèyàn lè pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, ó lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, kò lè pààrọ̀ DNA, kì í sì í ṣe tiẹ̀ nìkan, ti ìyá ẹ̀ àti àbúrò ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ náà ló kó fún wọn yẹn, tí wọn ò sì bi ìkankan nínú wọn. Mo ní kí wọ́n pa tèmi rẹ́, kí wọ́n da itọ́ tó kù nù. Ó gba kí n kọ̀wé sí wọn léraléra kí wọ́n tó fèsì pé àwọn ti ṣe é, mo sì ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ibi ìpárẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, ó wà nínú òfin àdéhùn wọn, lápá ìparí.

Ta ló wá yẹ kó rà á? Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ràn irú nǹkan báyìí, owó sì wà lọ́wọ́, kò ní pa yín lára, ẹ ṣá má jẹ́ kí àwọ̀ kankan nínú ẹ̀ yí bẹ́ ẹ ṣe ń lọ wo dókítà padà. Tẹ́ ẹ bá ń mu sìgá, ẹ fi owó yẹn wá ìrànlọ́wọ́ láti fi sílẹ̀, èyí ló máa ṣe erìgì yín láǹfààní tí jíìnì yín bá dáa tàbí kò dáa. Tẹ́ ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ gbájú mọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín, torí ṣúgà tó ga ń ba erìgì jẹ́, erìgì tó wú náà sì ń jẹ́ kí ṣúgà ṣòroó darí. Tó bá jẹ́ pé nínú ìdílé ni eyín ti ń bọ́ bíi tiwa, ẹ ti ní èsì àyẹ̀wò jíìnì yín lọ́wọ́ náà nìyẹn, èsì tó sì jẹ́ ti gbogbo jíìnì tẹ́ ẹ ní, kì í ṣe ibi méjì, ẹ lọ sọ fún dókítà pé báyìí báyìí ló ṣe ṣe ìyá mi, kí wọ́n wọn àpò erìgì yín látìgbà tẹ́ ẹ ṣì kéré, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ tó bá ń yí padà.

Èmi, wọ́n ti wẹ ìdí eyín mi, wọ́n fi irin ha ìdọ̀tí tó gan mọ́ gbòǹgbò níbi méjì tí mo sọ yẹn, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo búrọ́ọ̀ṣì tíńtín tó ń wọ àárín eyín, tí mo rò pé nǹkan àṣejù ni tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dín kù gan-an. Nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n, ibì kan ti padà sí mẹ́ta, ibì kejì di mẹ́rin. Jíìnì mi ò yí padà o, ohun tó wà nínú rìpọ́ọ̀tù pupa yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe pín ìràwọ̀ náà nìyí: lílò ẹ̀, márùn-ún, àlàyé inú rìpọ́ọ̀tù, ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn, ọ̀kan, àṣírí, ọ̀kan, torí àpótí tí wọ́n máàkì sílẹ̀ yẹn. Fọ́ọ̀mù ìdílé, márùn-ún, màmá mi ti ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn àbúrò wọn, wọ́n sì ti ń gbé e lọ fún dókítà eyín tiwọn.